Bàálù wíwa lẹ́yìn iṣẹ́: ọ̀nà márùn-ún tí ẹ lè gbà kọ́ ọ ní Amẹ́ríkà, àti ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yẹ

Ọmọ ọdún 41 ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ jókòó sí apá òsì nínú bàálù kékeré Cessna 172 kan, ní ìhà àríwá Houston. Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ òru mẹ́ta lọ́sẹ̀, ọmọ mẹ́ta nílé. Ó gbà mí ní ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ kí ìwé-àṣẹ tó bọ́ sí mi lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, a kì í ṣe ìsọmọlórúkọ kan tán kí ẹnìkan má fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́: "Àǹtí, ṣé lóòótọ́ lẹ ń wa bàálù? Báwo lèmi náà ṣe lè kọ́ ọ láìfi iṣẹ́ sílẹ̀?" Mo ti dáhùn ìbéèrè yìí lórí ìdúró títí, mo wá rí i pé ìdáhùn orí ìdúró kò tó. Ọ̀nà márùn-ún ló wà, èyí tó bá ẹnìkan lára mu sì lè jẹ́ òfò fún ẹlòmíràn.

Àwọn tó wà nílé náà máa ń bi mí. NCAT, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba fún iṣẹ́ òfuurufú, ti wà ní Zaria láti 1964, International Aviation College sì wà ní Ìlọrin, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ fi bàálù ṣe iṣẹ́ òòjọ́, tó sì lè gbájú mọ́ ọn lójoojúmọ́, ni ètò wọn wà fún. Ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ níbí ni ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, tó fẹ́ máa kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ bí owó àti àsìkò rẹ̀ bá ṣe gbà á láyè.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ẹ má fi owó wákàtí kan yan ilé-ẹ̀kọ́. Àpapọ̀ owó títí dé ọjọ́ ìwé-àṣẹ ni kí ẹ wò. Òfin FAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń darí ọ̀rọ̀ òfuurufú, ní kí ẹni tó fẹ́ gba ìwé-àṣẹ awakọ̀ àdáni (ẹni tó ń fò fún ara rẹ̀, tí kì í gbowó) lo wákàtí 40 ó kéré tán, 20 nínú rẹ̀ pẹ̀lú olùkọ́, 10 ní òun nìkan. Ẹni tó ń parí ní 40 ṣọ̀wọ́n. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ sábà máa ń lo 60 sí 75. Èmi lo 71.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ń gba $180 fún wákàtí bàálù, epo wà nínú rẹ̀, àti $70 fún olùkọ́. Ẹ ń lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ parí ní wákàtí 65: 45 pẹ̀lú olùkọ́, 20 ẹ̀yin nìkan. $14,850 nìyẹn. Ilé-ẹ̀kọ́ kejì ń gba $160 àti $60, ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n bàálù kan ṣoṣo ló ní, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni bàálù náà sì ń gbé, ẹ kò rí i lò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì lọ. Ẹ wá parí ní wákàtí 85, 65 pẹ̀lú olùkọ́, 20 ẹ̀yin nìkan. $17,500. Ọ̀pọ̀ ti di ọ̀wọ́n.

Ọwọ́ ló ń gbàgbé. Bíbalẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń kọ́ sórí. Nígbà tí bàálù bá ku ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀ kó kan ilẹ̀, ọwọ́ yín ló gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń fa ìdarí díẹ̀díẹ̀, kí imú rẹ̀ gbé sókè, kí táyà ẹ̀yìn lè kọ́kọ́ kanlẹ̀. Bí ẹ bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sílẹ̀, ìdajì ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ lé e á lọ sí títún kọ́ ohun tí ẹ ti san owó rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé kí wọ́n tọ́jú ó kéré tán ìdajì owó náà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí ó má bàa jẹ́ pé owó tán láàárín ọ̀nà, kí ọwọ́ sì tutù. Èmi àti àwọn nọ́ọ̀sì mẹ́sàn-án mìíràn ni a jọ ń dá àjọ $500 lóṣù. Ìgbà méjì ni mo kó o kí n tó parí.

Lẹ́yìn owó, ẹ wo bóyá àkókò yín bá tiwọn mu, bóyá olùkọ́ yín á dúró tì yín, bí ìlera yín ṣe rí, àti ohun tí ẹ fẹ́ fi ìwé-àṣẹ náà ṣe.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan

Ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú kọ́kọ́. Bí ẹ bá ti di ọmọ Amẹ́ríkà, ẹ ó fi páásípọ́ọ̀tì tàbí ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n fún yín han olùkọ́. Bí ó bá jẹ́ green card lẹ ní, TSA, àjọ ààbò ìrìnnà Amẹ́ríkà, gbọ́dọ̀ yẹ̀ yín wò kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń fi orúkọ sílẹ̀ fún un, ẹ ó sì tẹ̀ka. Ẹ má jẹ́ kí olùkọ́ kankan sọ fún yín pé kò pọn dandan. Ẹni tó bá wá pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ M-1 kò lè kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ o. Ẹ̀kọ́ àkókò kíkún ni físà yẹn wà fún.

Ọ̀rọ̀ ìlera ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Awakọ̀ àdáni nílò ìwé-ẹ̀rí ìlera ẹ̀ka kẹta láti ọ̀dọ̀ dókítà tí FAA yàn. Bí ẹ kò bá tíì pé 40 lọ́jọ́ àyẹ̀wò, ọdún márùn-ún ni yóò lò. Bí ẹ bá ti pé 40, ọdún méjì. Ẹ̀jẹ̀ ríru tó wọ́pọ̀ láàárín wa kì í ṣe ìdènà bí oògùn bá ti kápá rẹ̀: 155/95 ni òdiwọ̀n tí kò gbọdọ̀ kọjá lọ́jọ́ àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń lo oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, tàbí ẹ ní àtọ̀gbẹ tí ẹ ń gún ínsúlínì sí, tàbí àìsàn ọkàn, ẹ lọ bá dókítà náà sọ̀rọ̀ lásán ná, kí ẹ tó kọ ohunkóhun sínú fọ́ọ̀mù FAA. Bí wọ́n bá kọ̀ yín lórí ìwé, ọ̀nà kẹrin tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀, èyí tí kò béèrè ju láísẹ́ǹsì mọ́tò lọ, ti dí mọ́ yín lójú nìyẹn títí FAA yóò fi fún yín ní ìwé ìlera. Mo mọ ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí, ó sì dùn mí gan-an, nítorí ìbéèrè kan péré ni kò béèrè.

Ọ̀nà kìíní: ilé-ẹ̀kọ́ ńlá, lábẹ́ Part 141

Apá méjì nínú òfin FAA ni Part 141 àti Part 61 tó wà nísàlẹ̀. Lábẹ́ Part 141, wọ́n ń lo ìlànà ẹ̀kọ́ tí FAA fọwọ́ sí, pẹ̀lú ìdánwò ní ìpele dé ìpele. Bàálù wọn pọ̀. Bí ọ̀kan bá wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ ó rí òmíràn. Wákàtí 35 ni òfin béèrè níbẹ̀ dípò 40, wọ́n sì máa ń fi márùn-ún yẹn polówó gan-an. Ẹni tó ń kọ́ ọ lẹ́yìn iṣẹ́ kò ní jèrè rẹ̀, nítorí kò ní parí ní 35 tàbí 40. Ibi tí Part 141 ti ń gbe ènìyàn gidi ni ìwé-àṣẹ awakọ̀ tó ń gbowó: wákàtí 190 dípò 250.

Ohun tó ń ba á jẹ́ fún irú wa ni ètò rẹ̀. Ìlànà náà fẹ́ kí ẹ máa wá déédéé, ẹ kò sì lè fo ẹ̀kọ́ kan torí pé ẹ ti mọ̀ ọ́n. Àwọn olùkọ́ ibẹ̀ sì jẹ́ ọ̀dọ́ tó ń kó wákàtí jọ: ẹni tó bá ti ní 1,500 lè lọ sí iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ńlá. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ó san owó rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ńlá ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín oṣù méje, olùkọ́ mẹ́ta ló gbà mí lọ́wọ́ ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní kí n tún gbogbo rẹ̀ ṣe kí òun lè rí i. Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn náà: wákàtí mọ́kànlá ló lọ sí àtúnṣe yẹn.

Wọn á tún ní kí ẹ san owó gọbọi sílẹ̀ kí ẹ lè rí ẹ̀dínwó. Ẹ má ṣe é. Ọkùnrin kan tí a jọ kọ́ ọ ti san irú rẹ̀ níbòmíràn rí. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ti ìlẹ̀kùn, owó rẹ̀ bá a lọ. Owó ẹ̀kọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ti tó ní ọwọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀nà kejì: ilé-ẹ̀kọ́ kékeré tàbí olùkọ́ àdáni, lábẹ́ Part 61

Ibí ni mo parí sí, ibí náà ni mo sì máa ń darí ọ̀pọ̀ ènìyàn sí. Ìwé-àṣẹ kan náà ni, olùdánniwò kan náà, bàálù kan náà. Ìyàtọ̀ ni pé ẹ̀yin àti olùkọ́ yín lẹ ó pinnu bí ẹ̀kọ́ ṣe máa tò. Bí òjò bá gba ọ̀sẹ̀ yín, ẹ ó jókòó nínú yàrá kẹ́kọ̀ọ́ máàpù. Bí ọmọ yín bá ṣàìsàn, ẹ ó sún un. (Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ńlá náà ń gba akẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ Part 61, ẹ bi wọ́n.)

Olùkọ́ ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Tèmi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ mìíràn, kò sì ń lọ síbì kankan. Ẹ wá irú rẹ̀: ẹni tó fẹ́ràn kíkọ́ni, tí kì í ka wákàtí. Ẹ béèrè mélòó nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló parí ní ọdún tó kọjá. Ẹ béèrè ìlànà ẹ̀kọ́ tó kọ sílẹ̀, nítorí àléébù Part 61 ni pé olùkọ́ tí kò létò lè máa gbé yín yípo ní pápákọ̀ kan náà fún oṣù mẹ́fà láìsí ìlọsíwájú, kó sì máa gba owó rẹ̀.

Àárọ̀ ni kí ẹ fò ní Texas. Láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án, ìjì àti àrá máa ń dìde lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ gbígbóná a sì máa ju bàálù kékeré sókè sódò. Aago méje àárọ̀, ojú ọ̀run a tòrò bí omi inú àwo. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ òru, ẹ má ṣe jáde ní ọsibítù kí ẹ gba ọ̀nà pápákọ̀ lọ. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Mo gbàgbé láti dá ìfà ìyẹ́ (flaps, èyí tí a ń sọ kalẹ̀ lẹ́yìn ìyẹ́ bàálù fún bíbalẹ̀) padà sókè lẹ́yìn tí mo ti kanlẹ̀, tí mo tún fẹ́ gbéra. Olùkọ́ mi ló gbá a mú. Kò bínú, ó kàn ní: "Ọjọ́ tí o bá sùn ni kí o wá." Ọjọ́ ìsinmi kejì lẹ́yìn iṣẹ́ òru ni mo ń lò láti ìgbà yẹn.

Rédíò ń ba ọ̀pọ̀ wa lẹ́rù. Mo ti gbé Amẹ́ríkà fún ọdún mẹ́tàlá, síbẹ̀ ọkàn mi ń lù kìkì nígbà tí mo kọ́kọ́ pe ilé ìṣọ́ àwọn adarí ní pápákọ̀ David Wayne Hooks. Òfin ní kí awakọ̀ lè ka Gẹ̀ẹ́sì, kó lè sọ ọ́, kó lè kọ ọ́, kó sì lè gbọ́ ọ. Kò ní kí ohùn Ìjẹ̀ṣà kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí ẹ ń pè, ẹni tí ẹ jẹ́, ibi tí ẹ wà, ohun tí ẹ ń fẹ́: mẹ́rin yẹn ni. Bí wọ́n bá fún yín láṣẹ, ẹ kà á padà fún wọn. Mo máa ń ṣe é sókè nínú mọ́tò mi nígbà tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, títí ó fi di ohun ẹnu.

Wákàtí kẹrìndínlọ́gbọ̀n ni olùkọ́ mi bọ́ sílẹ̀, ó ti ìlẹ̀kùn, ó ní kí n lọ. Bàálù fúyẹ́ láìsí i nínú rẹ̀. Ó gbéra kí n tó retí rẹ̀. Ìbalẹ̀ mẹ́ta. Àṣà wọn ni kí wọ́n gé ẹ̀yìn ẹ̀wù ẹni tó bá kọ́kọ́ dá nìkan fò. Bùbá àńkárá ni mo wọ̀ lọ́jọ́ náà. Aṣọ yẹn wà lára ògiri pálọ̀ mi títí di òní.

Ọ̀nà kẹta: ẹgbẹ́ awakọ̀

Àwọn ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ogún lè para pọ̀ ní bàálù kan tàbí méjì. Ẹ ó san owó ìwọlé, owó oṣooṣù, lẹ́yìn náà owó wákàtí tó kéré sí ti ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ka wákàtí náà dáadáa. Mítà Hobbs ń ka ìṣẹ́jú gbogbo tí ẹ́ńjìnnì bá wà ní títàn. Mítà tach ń tẹ̀ lé bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, nítorí náà ó máa ń lọ́ra nígbà tí ẹ bá ń rìn nílẹ̀. Ní ìfò kan náà, tach lè fi 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí Hobbs. Ẹ tún béèrè bóyá epo wà nínú owó náà. $130 láìsí epo lè wọ́n ju $170 tó ní epo nínú lọ.

Kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́ ló ń gba akẹ́kọ̀ọ́, ìnṣọ́ráǹsì ló sábà máa ń fà á. Sátidé sì máa ń kún. Fún ẹni tó ń sinmi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú, bí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì, bàálù ẹgbẹ́ ń dúró dè yín lófìfo. Ibi tí ẹgbẹ́ ti ju gbogbo wọn lọ ni lẹ́yìn ìwé-àṣẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gba ìwé-àṣẹ tán, wọn kò sì fò mọ́, nítorí kò sí ẹni tí wọn yóò bá lọ, ilé-ẹ̀kọ́ kò sì fẹ́ kí bàálù rẹ̀ sùn níta. Bàálù ẹgbẹ́ ni mo fi gbé ọkọ mi lọ sí Galveston, a jẹ ẹja níbẹ̀, a sì padà kí àwọn ọmọ tó dé láti ilé-ìwé.

Ọ̀nà kẹrin: ìwé-àṣẹ kékeré, sport pilot

Wákàtí 20 ni òfin béèrè ó kéré tán, 15 pẹ̀lú olùkọ́, 5 ní ẹ̀yin nìkan. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ á lò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ṣì máa ń kéré gan-an sí ti awakọ̀ àdáni. Láísẹ́ǹsì mọ́tò ni ìwé ìlera yín, bí FAA kò bá kọ̀ yín nígbà tí ẹ béèrè fún ìwé ìlera kẹ́yìn.

Tẹ́lẹ̀, bàálù oníjókòó méjì tó fúyẹ́ gan-an nìkan ni àwọn tó ní ìwé-àṣẹ yìí lè wà, irú rẹ̀ kò sì pọ̀ láti háyà. Láti ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá 2025, òfin tuntun tí wọ́n ń pè ní MOSAIC ti ṣí ilẹ̀kùn náà: wọ́n lè wa bàálù oníjókòó mẹ́rin bíi Cessna 172. Èrò kan ṣoṣo ni wọ́n ṣì lè gbé. Wọn kò gbọdọ̀ fò lálẹ́ àfi bí wọ́n bá kọ́ ọ lọ́tọ̀, tí wọ́n sì ní ìwé ìlera. Wọn kò gbọdọ̀ wọ pápákọ̀ tó ní adarí àfi bí olùkọ́ bá kọ ọ́ sínú ìwé wákàtí wọn. Ní Houston, níbi tí adarí pọ̀ sí, ẹ rí i pé ẹ gba ìfọwọ́sí yẹn.

Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí fún àwọn àgbà wa. Ẹni ọdún 60 tó kàn fẹ́ fò láàárọ̀ Sátidé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ kò nílò ju èyí lọ. Bí ó bá sì wù ú láti tẹ̀síwájú sí ti awakọ̀ àdáni lọ́jọ́ iwájú, wákàtí rẹ̀ kò ní ṣòfò.

Ọ̀nà karùn-ún: bàálù aláìní ẹ́ńjìnnì

Bàálù mìíràn ni yóò fi okùn fà yín sókè, ẹ ó tú okùn náà, ẹ ó sì máa wá afẹ́fẹ́ tó ń gòkè kiri bí àwòdì. Kò sí ìwé ìlera. Ọmọ ọdún 14 lè dá nìkan fò, kó sì gba ìwé-àṣẹ ní 16, nígbà tí ti bàálù ẹlẹ́ńjìnnì jẹ́ 16 àti 17. Fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, ìfò 20 àti wákàtí 10 ni òfin béèrè. Àwọn olùkọ́ inú ẹgbẹ́ sábà máa ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Àsìkò ló ń gbà: ẹ ó wà ní pápá látàárọ̀ dalẹ́, ẹ ó bá àwọn mìíràn ti bàálù, di okùn, kí ogún ìṣẹ́jú tiyín tó kàn. Bí ẹ bá ní ọmọ ọ̀dọ́ tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára fóònù, ẹ jọ máa lọ.

Owó tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún yín

Ìdánwò orí kọ̀ǹpútà jẹ́ $175: ìbéèrè 60, máàkì 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni àṣeyege. Ẹ tètè ṣe é, nítorí oṣù 24 ni èsì rẹ̀ ń lò. Olùdánniwò ìkẹyìn lè gba $800 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ó sì háyà bàálù lọ́jọ́ náà lọ́tọ̀. Ẹ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní oṣù méjì ṣáájú. Mo dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo sì ń fò kí ọwọ́ má bàa tutù, $900 ló bá a lọ. Ẹ ra gbohùngbohùn etí tó ti lò láti ọwọ́ awakọ̀ mìíràn. Eré bàálù orí kọ̀ǹpútà dára fún rédíò àti àyẹ̀wò kí a tó gbéra, ṣùgbọ́n kò lè kọ́ yín ní bíbalẹ̀.

Ta ni kó mú èwo?

Bí ẹ bá fẹ́ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ lọ́jọ́ kan kí ẹ sì di awakọ̀ iléeṣẹ́ ńlá, tí ẹ sì lè wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ẹ lọ sí Part 141, ẹ má kàn san gbogbo owó sílẹ̀. Bí iṣẹ́ yín bá ń yí bíi tèmi, tí ẹ fẹ́ gbé ìdílé yín fò, olùkọ́ àdáni tó dúró ṣinṣin ni, bí wákàtí rẹ̀ bá tilẹ̀ fi $15 wọ́n ju ti ẹlòmíràn lọ. Bí ẹ bá rí ẹgbẹ́ tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́, tó wà láàárín ogójì ìṣẹ́jú sí ilé yín, ẹ mú olùkọ́ yẹn lọ síbẹ̀; òun ni mo bá mú ká ní mo mọ̀. Ẹni tí ìlera rẹ̀ lè dá ìbéèrè sílẹ̀, tàbí tí owó rẹ̀ kò ju $9,000 lọ, sport pilot. Ọmọ ọdún 14, tàbí òbí tó fẹ́ bá a ṣe é, bàálù aláìní ẹ́ńjìnnì.

Ìyá mi ṣì ń bẹ̀rù. Ó ní bàálù mi kéré jù. Mo sọ fún un pé Ademilola Odujinrin, awakọ̀ ọmọ Nàìjíríà, fi bàálù ẹlẹ́ńjìnnì kan, Cirrus SR22, yí ayé ká ní òun nìkan, ó sì parí rẹ̀ ní 2017. Mo sọ fún un pé bí ẹ́ńjìnnì 172 bá kú, kì í já bí òkúta, ó ń fò lọ bíi máìlì kan àbọ̀ fún ẹsẹ̀ bàtà 1,000 kọ̀ọ̀kan, a sì ti kọ́ bí a ṣe ń yan pápá tí a ó balẹ̀ sí. Ó gbọ́, ó gbàdúrà fún mi, ó ní òun kò ní wọ̀ ọ́. Oṣù tó ń bọ̀ ni yóò wá kí wa. Mo ti gba bàálù ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bó bá yí ọkàn padà.